Táyà Kọ́kọ́, Àgbò Ń Bẹ Nílẹ̀

Ṣàgámù,
13 July, 1986.

Tàjúdéènì àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Kánò. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ń dá rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Mo rí lẹ́tà rẹ pé ó di ẹ̀yìn Iléyá kí o tó pààrọ̀ táyà ọkọ̀ rẹ, torí owó àgbò. Tàjú, nígbà tí o wá lóṣù tó kọjá, mo ti èékánná bọ ilà ojú táyà rẹ, bí mo ṣe ń yẹ obì tí mò ń tà wò. Kò rí ibi wọ̀. Ọkọ mi, awakọ̀ ogún ọdún, ní, "Táyà yìí pá ju orí mi lọ. Tójò bá rọ̀, bíréèkì ò ní mú un dúró." Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ níbí, ọmọ mẹ́rin lo sì fẹ́ kó wá.

Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́ láti wọlé láìfa àgbò. Mo ti ra tìrẹ, ó wà lórí ìso lẹ́yìnkùlé. Màmá gbà pé ìwọ lo fowó ránṣẹ́. Ra táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tuntun ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún ilà rẹ̀ gé.

Bá mi ra àlùbọ́sà bọ̀. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀. Bẹ́ ẹ bá dé, ọkọ̀ ni màá kọ́kọ́ fi èékánná kí, kí n tó kí ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Hàbíbátù.