Ọwọ́ Mi Ò Ya Wèrè, Ẹ Yọ̀ǹda Ọmọ Mi

Ẹ kú ulé o, Màmá mi. Yẹ́misí ọmọ yín ló kúnlẹ̀ kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù, orúnkún méjèèjì ló sì kanlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀kan ni, irọ́ ló pa. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ṣẹ́kù fún wa. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Jídé, ẹ̀gbọ́n mi, àti ìyàwó wọn. Mo kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń ta epo pupa ní Ìkọ̀lé, àti àwọn ará wa ní Àsin tí wọ́n fi iṣu ránṣẹ́ nígbà tí mo wálé ní Kérésìmesì. Bósẹ̀ ọmọ mi, tèmi tìẹ ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀rọ alágbèéká tí mo rà fún yín, àfi kí ẹ gun òkè lọ sẹ́bàá ilé omi kó tó gbọ́rọ̀, káàdì mi á sì ti tán kí n tó dé ìdí ohun tí mo fẹ́ sọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àárín ìjọ ni wọ́n ti kéde pé ẹ̀mí àìmọ́ ló gba ọwọ́ mi, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ láti Ìkọ̀lé dé Ìfisìn. Ohun tí wọ́n sọ ní gbangba, gbangba náà ni n ó ti fèsì rẹ̀. Ìwé àṣẹ tí Bósẹ̀ máa fi wá bá mi ti jáde, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti ń wá a. Bọ̀ọ̀dá Jídé wá ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín títí ọwọ́ mi yóò fi rí ìdáǹdè, pé ọwọ́ tí kò gba àdúrà kò lè tọ́ ọmọ. Ẹ̀yin náà ti gbà pẹ̀lú wọn. Màmá, mi ò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ń kà á fún yín kà á dé ìparí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àìsàn náà. Ẹ mọ̀ pé irun ni mò ń dì ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí. Ìgbà òtútù tó ṣáájú èyí ni rọpárọsẹ̀ kì mí mọ́lẹ̀ lórí ìdúró, tèmi ti kóòmù lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, ẹ̀jẹ̀ dì sójú ọ̀nà kan nínú ọpọlọ mi. Ẹnu mi wọ́ díẹ̀, ó sì padà sípò. Apá ọ̀tún mi náà gba okun rẹ̀ padà, mo lè gbé garawa omi, mo lè fún aṣọ. Ohun tí kò padà ni mímọ ibi tí ọwọ́ náà wà.

Ẹ ó ní kí ni mò ń wí. Màmá, ẹ di ojú yín, kí ẹ fi ìka kan imú yín. Ẹ rí i? Ẹ ò ṣìnà. Ta ló sọ fún ìka yín ibi tí imú wà? Ọwọ́ àti ọpọlọ ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, a ò sì gbọ́ wọn rí. Ibi tó ń gbọ́rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún nínú ọpọlọ tèmi ló bàjẹ́. Obìnrin tó ń kọ́ wa ní ìdárayá ní ọsibítù ní kí n di ojú, ó wá ń gbé ìka mi sókè sódò, ó ní kí n sọ ibi tó wà. Mo ní òkè ni. Mo lajú, ìsàlẹ̀ ni. Ó tún na apá ọ̀tún mi síbì kan, ó ní kí n fi tòsì ṣe bákan náà láìwò ó. Nígbà tí n ó lajú, ọ̀kan dojú kọ Ìkọ̀lé, èkejì dojú kọ Ìdó. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún. Ó wá là á yé mi pé ojú mi ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ọpọlọ kò lè ṣe mọ́, pé bí mo bá ti ń wo ọwọ́ náà, yóò gbọ́ràn.

Òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n ta ló lè máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́? Lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, mò ń wo òjò lójú fèrèsé, mò ń ronú ilé, òyìnbó tó jókòó tì mí wá ń wò mí ṣáá. Mo wolẹ̀, àṣé ọwọ́ mi ti lọ jókòó sórí itan bàbá olóbàbá bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ojú tì mí o! Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi tòsì gbé tọ̀tún kúrò bí ẹni gbé ẹrù. Òtútù ibí ń dá kún un, nítorí ìbọ̀wọ́ àti kóòtù á bo ọwọ́ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ á sì ti ṣú nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń sá èkùrọ́ sóòrùn. Bí mo bá délé, èmi nìkan ni nínú yàrá, kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá mo jí ire. Ó ń dùn mí, Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín.

Àánú kọ́ ni mò ń wá. Ọ̀gá mi, ọmọ Gánà, fẹ́ kí n fi irun dídì sílẹ̀, kí n máa gbálẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní kó fún mi ní àga tó wà níwájú dígí ńlá, lábẹ́ iná, kó sì fún mi láyè. Mi ò lè wo tẹlifíṣọ̀n mọ́ bí mo bá ń dì í, mi ò sì lè bá wọn sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ojú mi kì í kúrò lára ìka mi. Dídì mi ò yá bíi tàtijọ́, àmọ́ ó gún. Àwọn oníbàárà kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ èmi ni wọ́n ń béèrè nítorí pé mi ò kì í ṣe òfófó mọ́. Iṣẹ́ yìí náà ni mo fi ń rán Bósẹ̀ nílé ìwé, kò sì dúró rí.

Ẹ wá wo ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo wálé. Mo gbé omi fún Bàbá Àgbà, mo fi tòsì gbé e nítorí ojú wọn ni mò ń wò bí mo ṣe ń kí wọn. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọmọ ulé wo ní í fọwọ́ òsì fún àgbà lómi. Ẹ̀yin lẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi, ẹ foríjì mí, ṣùgbọ́n omi ọwọ́ òsì tó dé ẹnu sàn ju ti ọwọ́ ọ̀tún tó dà sí yín láyà. Nígbà tí mo sì ń gúnyán, tí mo tẹjú mọ́ ọmọ odó, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ ń sunkún. Ẹ ò dúró kí iyán náà kúnná kí ẹ tó sunkún.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Bọ̀ọ̀dá Jídé mú mi lọ síjọ tiwọn. Pásítọ̀ ní kí n jáde síwájú, kí n gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé méjèèjì sókè, wọ́n dúró gbọnin. Wọ́n ní kí gbogbo wa di ojú, mo di tèmi. Mò ń ṣe àmín, mo gbà pé ọwọ́ mi ṣì wà lókè níbi tí mo gbé e sí, àfi bí mo ṣe gbọ́ gbàmù! Ọwọ́ ọ̀tún ti rọra sọ̀ kalẹ̀, ó rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbá ìgò òróró dànù lọ́wọ́ ìyàwó pásítọ̀. Ariwo sọ. Wọ́n ní ẹ̀mí inú ọwọ́ náà kò fẹ́ òróró. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ní kí n di ojú, ọwọ́ tún rìn. Mo bẹ̀ wọ́n kí n lajú, kí wọ́n wò ó bóyá yóò kúrò lójú kan. Bọ̀ọ̀dá Jídé ní àdúrà wo là ń lajú gbà. Màmá, ojú nìkan ló ń ràn mí lọ́wọ́, òun náà ni wọ́n ní kí n pa dé, nígbà tí ọwọ́ wá ṣìnà, wọ́n ní Èṣù ni. Láti ọjọ́ náà lẹ ò ti jẹ́ kí Bósẹ̀ sùn lọ́dọ̀ mi mọ́, mo sì padà síbí láìfi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi.

Mi ò kọ àdúrà. Mò ń gbà á lójoojúmọ́, ojú mi á là kedere, Ọlọ́run kò sì tíì bá mi wí. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni torí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Nígbà ọlidé ńlá, mò ń bọ̀. Ẹ di ẹrù rẹ̀, kí ẹ sì tú irun rẹ̀ sílẹ̀ dè mí. N ó dì í níwájú ilé lọ́sàn-án gangan, kí Bọ̀ọ̀dá Jídé gbé àga wá jókòó tì mí.

Nígbà tí mo pè yín kẹ́yìn, Bósẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ yín. Ó béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nílé, pé mo lè sọ òun nù ní títì Lọ́ńdọ̀nù bí mo ṣe ń sọ ọwọ́ mi nù. Káàdì tán kí n tó dáhùn. Bósẹ̀, èsì rẹ rèé, kí gbogbo ayé bá ẹ gbọ́. Ọwọ́ tó so mọ́ mi lára, bí mo bá gbójú kúrò lára rẹ̀, mi ò mọ ibi tó wà. Ìwọ, òkun ló wà láàárín wa, mo sì mọ ibi tó o wà. Mo mọ ìgbà tí wọ́n ń lu aago ilé ìwé yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri lo máa ń sùn sí, tí wàá gbé ẹsẹ̀ kan lé ikùn Màmá. Kò sí àìsàn tó dé ibi tí mo fi ẹ́ sí nínú mi.

Màmá, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹsẹ̀ yín á máa gbé yín lọ sídìí epo, á sì máa gbé yín bọ̀ wálé. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Jídé dáadáa, mi ò bá wọn jà, ọmọ mi ni mò ń gbà. Ẹ kí Bàbá Àgbà, ẹ kí ará àdúgbò, ẹ kí ẹni tó bá béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀.

Èmi ni Yẹ́misí, ọmọ yín, ìyá Bósẹ̀.