Ìrù Tí Fóònù Fi Sí Kòkó Ìyá Olúfúnkẹ́

Aba Akíntáyọ̀,
Ọjọ́ Ajé.

Èyítọ́pẹ́ ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ọkọ rẹ ń ṣe dáadáa, ṣé òjò Bìní kò tíì wọ inú ilé yín ní Ogida? Ọlọ́run tó mú yín débẹ̀ kò ní fi yín sílẹ̀ lágbedeméjì ọ̀nà. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ oògùn tí o fi ránṣẹ́, ewúrẹ́ wa sì bí mẹ́ta. Dámilọ́lá ọmọ rẹ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́sí, ó bi mí pé how far, mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, láti ọ̀dọ̀ wa dé Bìní kò ju wákàtí mẹ́rin lọ, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ máa kọ́ ọmọ yín ní Yorùbá.

Ìkíni parí síbẹ̀, nítorí inú ń bí mi, inú ẹ sì ni.

O mọ̀ pé ọdún kejìlélógún rèé tí òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ àwa oníkòkó ti wà lọ́wọ́ mi, tí ẹnikẹ́ni kò pè mí lólè rí. Ìwọ lo ní ìwé tí mo fi ń ṣírò ti gbó, tí o ṣe ètò sínú fóònù fún mi, pé bí mo bá ti tẹ ìwọ̀n kòkó sí i, á rò ó pọ̀, á fi wé èyí tí akọ̀wé kọ sínú ìwé, á sì sọ bóyá ó dọ́gba. Mo gbà, nítorí ọmọ mi ló ṣe é, mo tún fi ń yangàn kiri aba.

Nígbà tó di ọjọ́ ìpàdé, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́, ìyá Olúfúnkẹ́, opó tó máa ń ṣa kòkó tó bá dà sílẹ̀, gbé tirẹ̀ wá. Ìdì kan jẹ́ 0.1 kílò, èkejì jẹ́ 0.2. Làmídì akọ̀wé kọ 0.3 sínú ìwé, ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá mọ ìyẹn. Fóònù rẹ kọ 0.30000000000000004, ó wá fi pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé KÒ DỌ́GBA. Làmídì tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ohun kan náà ló ń sọ. Ó yíjú sí mi, ó ní ta ló ni mẹ́rin tí mo kó pamọ́ sẹ́yìn àwọn òdo wọ̀nyẹn. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ mi, wọ́n tì í mọ́ ilé Làmídì, èmi Títíloyè sì rìn wálé lọ́wọ́ òfo.

Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹ, Tíṣà Pẹ̀lúmi ló sì ka ìdáhùn rẹ fún mi. O ní kò sí ẹni tó jalè, pé pọ́ìǹtì tó wà nínú nọ́ńbà náà ló ń léfòó. Ó ń léfòó kẹ̀? Ibo ni omi gbà wọ inú fóònù? Mo sá fóònù náà pẹ̀lú kòkó lórí ẹní fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, mo ń yí i bí mo ṣe ń yí kòkó, ìrù náà kò gbẹ. O tún ní kọ̀ǹpútà kò mọ nǹkan pín sí mẹ́wàá, pé méjì méjì nìkan ló mọ̀ ọ́n pín, ló bá ń fojú bù ú. O mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n, o sì gbé e fún un! Ta ní í gbé iṣu fún ewúrẹ́ pé kó bá òun ṣọ́ ọ? Èyí tó dùn mí jù ni pé o ní mẹ́rin náà kò tó nǹkan, ó kéré ju erùpẹ̀ ojú àwo òṣùwọ̀n lọ. Bí kò bá tó nǹkan, báwo ló ṣe tó láti gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ bàbá rẹ?

O ní o ti wá kan pọ́ìǹtì náà mọ́lẹ̀, pé gíráàmù ni fóònù á máa kà báyìí, lódindi lódindi, ọgọ́rùn-ún àti igba, ó di ìgbà tó bá fẹ́ fi hàn wá kó tó fi pọ́ìǹtì sí i. Ṣebí ohun tí màmá mi ń ṣe kí wọ́n tó bí ẹ nìyẹn! Wọn kò kàwé o. Bí wọ́n bá fẹ́ pín epo fún àwa ọmọ, wọn kì í dárúkọ kẹ́ẹ̀gì, ife tó kéré jù nílé ni wọ́n á mú, wọ́n á fi kà á, ife kan, ife méjì. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá lè kà lódindi kò lè pa irọ́ fúnni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ta kòkó rán ẹ ní yunifásítì, tí o gbé Ekosodin, tí o ń mu gàrí, kí o tó wá pa dà dé ìdí ife màmá mi.

Lánàá, ìyá Olúfúnkẹ́ gbé kòkó rẹ̀ wá bá mi nílé. Ó ní òun kò ní gbé e fún ẹlòmíràn wọ̀n. Mo ní òṣùwọ̀n kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ó ní ọwọ́ mi ńkọ́? A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kò sì sí èyí tó ní ìrù nínú wọn. Mo sunkún, ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ẹ.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Àlẹ́ẹ̀tì tó kọjá kọ 20,000.00, mo ní kí ọmọbìnrin oní-POS fún mi ní èyí tó wà lẹ́yìn pọ́ìǹtì, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ nípa mẹ́rin. Owó ọkọ̀ ni kí o fi owó náà ṣe. Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé. Wá dúró níwájú Làmídì àti gbogbo ẹgbẹ́, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé ìwọ lo ni mẹ́rin náà.

Ọlọ́run á fi ẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀, o kò ní léfòó láyé. Ohun tó kéré ju erùpẹ̀ lọ kò ní bà ọ́ lórúkọ jẹ́ bó ṣe ba tèmi jẹ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Títíloyè, tí kò lé, tí kò dín.