Ohun Tó Ń Dán Nínú Kànga Bàbá Mi

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ìyá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìrìn odò, ẹ kú ìrora ọwọ́. Ṣìfáwù àbúrò mi, ìwọ tí wàá ka ìwé yìí sí wọn létí, jọ̀ọ́, rọra kà á, má sáré, má sì fo ibì kankan, kódà bí Bàbá bá ní kí o dákẹ́. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìkòsí, mo kí àwọn ará Kétu, mo kí àwọn tó ń gbé létí odò ní Ajégúnlẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa bi ara wọn pé kí ló dé tí Gàníyù fi gbé ọ̀rọ̀ ilé wọn fún oníwèé ìròyìn. Ká ní mo kọ ọ́ sí Bàbá nìkan ni, inú yàrá wọn ni Ṣìfáwù máa kà á sí, inú yàrá náà ló sì máa parí sí. Ìta gbangba ni wọ́n ti bú bàbá mi. Ìta gbangba náà ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé.

Ara mi le, mo dúpẹ́. Òtútù ìlú òyìnbó yìí, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn èéfín èédú á bo gbogbo àdúgbò tí mi ò ní rí bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Yàrá kan ṣoṣo ni mò ń gbé, lókè pátápátá, ọjọ́ Sọ́ńdè ni ìdánìkanwà sì máa ń ṣe mí jù, torí láti àárọ̀ dalẹ́ kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Mo ti kí ara mi kú ìrọ̀lẹ́ rí, mo sì dá ara mi lóhùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń tù mí nínú ni sítóòfù kẹrosíìnì tí mo fi ń yáná. Ó ní fèrèsé kékeré kan níwájú, tí èèyàn lè gbà wo iná inú rẹ̀. Bí mo bá ti darí dé láti ibi iṣẹ́, iwájú fèrèsé yẹn ni mo máa ń jókòó sí. Ẹ fi sítóòfù náà sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mò ń gbálẹ̀, mo sì ń nu eruku ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ kiri pé mo ti di akọ̀wé, ẹ forí jì mí. Mi ò purọ́ fún yín, mi ò kàn la ẹnu mi sọ ọ́ ni. Yàrá tí wọ́n ní kí n máa tọ́jú, òkúta ló kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè àjà, nínú dúrọ́ọ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kọ́kọ́ bínú. Mo ní ṣé torí èyí ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí mo bi gbogbo ohun tó wà nínú mi sínú òkun, kí n lè wá máa wẹ̀ fún òkúta?

Bàbá arúgbó kan ló ni ìtọ́jú àwọn òkúta náà, Míṣítà Wẹ́bù lorúkọ wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n bá mi níbi tí mo ti gbé òkúta kan dání tí mò ń wò ó. Mo rò pé wọ́n máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kí n fi ahọ́n kàn án. Mo lá a, iyọ̀ ni. Iyọ̀ tí wọ́n wa jáde nínú ilẹ̀, tó le, tó mọ́ bíi dígí. Wọ́n fi òòlù kékeré kàn án, ó là sí onígun mẹ́rin gẹ́lẹ́. Wọ́n lu ẹyọ tó kéré jù nínú rẹ̀, ìyẹn náà tún là bákan náà. Wọ́n wá da iyọ̀ ọbẹ̀ lásán sábẹ́ dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, wọ́n ní kí n wò ó. Gbogbo horo rẹ̀ ló dà bí àpótí kéékèèké, bí ẹni pé káfíńtà kan jókòó gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi, iyọ̀ tí ẹ ti ń bù sọ́bẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú mọ̀ yín, irú iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run yìí lẹ ń dà sínú ìkòkò, tí ẹ ó sì tún máa bínú pé ó pọ̀ jù. Mo dúró síbẹ̀, ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Subuhanallahi ni mo ń wí.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti parí iṣẹ́ mi, wọ́n á fi nǹkan kan hàn mí. Wọ́n kọ́ mi pé kí n má kọ́kọ́ gba ojú mi gbọ́, torí àwọ̀ lè tan èèyàn jẹ. Wọ́n ní èékánná ni kí n kọ́kọ́ fi ha òkúta, lẹ́yìn náà kọ́bọ̀ bàbà, lẹ́yìn náà ọ̀bẹ, kí n lè mọ bó ṣe le tó. Òkúta kan rọ̀ débi pé èékánná mi gba ara rẹ̀ kọjá. Òmíràn wà tí ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ ò lè dápàá sí lára. Wọ́n tún ń fa òkúta lórí táìlì funfun kan tí kò ní dídán, kí wọ́n lè rí àwọ̀ tó máa kọ síbẹ̀. Mo fa òkúta dúdú kan tó ń dán bí irin tuntun, pupa ló kọ, bí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa lẹ́yìn òjò. Wọ́n ní irin ló wà nínú rẹ̀, àti pé irin náà ló pọ́n ilẹ̀ wa. Mo gbé òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe tìróò, kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já lọ́wọ́ mi, torí òjé ló kún inú rẹ̀. Òkúta kan sì wà tó mọ́ bí omi, tí ẹ bá gbé e lé orí ìlà kan, méjì lẹ máa rí. Mo kọ orúkọ mi sínú ìwé, mo gbé e lé e. Gàníyù méjì ló ń wò mí.

Ọjọ́ kan ni wọ́n wá gbé òkúta aláwọ̀ ìyeyè kan jáde, tó ń kọ mànà. Mo ní wúrà nìyẹn. Míṣítà Wẹ́bù rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fà á lórí táìlì. Dúdú ló kọ, dúdú bí èédú. Àyà mi já. Wọn ò mọ ohun tó ń já mi láyà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin máa mọ̀ ọ́n báyìí.

Ẹ̀yin ará Ìkòsí, ẹ rántí kànga tí bàbá mi gbẹ́ sẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, àwọn nísàlẹ̀, èmi lókè tí mò ń fa iyẹ̀pẹ̀. Kí omi tó yọ rárá lẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí wọ́n ti sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní garawa lè wá fà, kò ní san nǹkan kan. Omi yọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ bá pákó àti páànù lẹ́nu kànga, ṣéènì lórí rẹ̀, àgádágodo lára ṣéènì. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń pè wọ́n ní ahun. Ẹ pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lójú wọn, ẹ pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn. Kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé irú ahun wo ló ń ti omi pa, tí òun fúnra rẹ̀ ò mu nínú rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń ru ìkòkò lọ sódò bíi tiyín.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Garawa tí mo fà gbẹ̀yìn lọ́jọ́ tí omi yọ, iyanrìn inú rẹ̀ ń tàn yẹ́ríyẹ́rí nínú oòrùn, àwọ̀ wúrà. Bàbá mi gun òkè wá, ẹrẹ̀ bo gbogbo ara wọn, wọ́n bi mí pé kí nìyí. Èmi tí mo ka ìwé dé Sítáńdáàdì Síìsì, èmi tí wọn ò jẹ́ kí n gbé ọkọ́ torí kí n lè kàwé, kí n wá sọ pé mi ò mọ̀? Mo fi ìka méjì pa á, mo ṣe ojú bíi tíṣà, mo ní, “Wúrà ni, Bàbá.” Wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Wọn ò tún bi ẹlòmíràn.

Wọ́n ní bí ìjọba bá gbọ́, wọ́n máa gba ilẹ̀. Bí olè bá gbọ́, ẹ̀mí ni wọ́n máa gbà. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ti ẹnu wa jáde, kódà kí ìyá mi má gbọ́. Nígbà tí mò ń bọ̀ níbí, wọ́n bu iyanrìn náà sínú agolo áṣáà, wọ́n ní kí n fi han àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà lé mi lọ́wọ́, ẹyọ kan ṣoṣo tó wà. Wọ́n ní, “Ọwọ́ mi ò ní kan kànga yẹn títí wàá fi sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi.” Ẹ sì mọ bàbá mi. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ó parí nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta ni agolo yẹn fi wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Mi ò fi han ẹnì kankan. Mò ń fẹ́ kó jẹ́ wúrà ni, ẹ ṣáà gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ tí mò ń fọ ilẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń fò mí kọjá, mo máa ń sọ nínú ara mi pé ọlọ́rọ̀ ni mí, wọn ò kàn mọ̀ ni. Nígbà tí mo sì wá rí òkúta tó kọ dúdú yẹn, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n ṣí agolo náà rárá.

Lẹ́yìn náà ni ìwé Ṣìfáwù dé. Ó ní ìyá mi yọ̀ ṣubú létí odò ní Ajégúnlẹ̀ nígbà tí omi kún, ọwọ́ ọ̀tún wọn kán. Ó ní ẹni tó gbé wọn wálé kó àpáàdì ìkòkò wọn sílẹ̀ níwájú bàbá mi, kò kí wọn, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ó ní bàbá mi jókòó ti kànga náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ka ìwé yẹn, mi ò lè jẹun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé agolo náà lọ bá Míṣítà Wẹ́bù. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí i pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Mo da díẹ̀ sínú omi, mo rò ó. Wúrà ì bá ti lọ sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ó wúwo. Èyí ń yí lójú omi bí ìyẹ́, iyanrìn tó kù ti rọlẹ̀ tán kó tó rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo mú ẹyọ kan tó tóbi díẹ̀, mo fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ ọ. Wúrà máa ń tẹ̀ ni, kì í là. Èyí là bí ewé ìwé. Mo là á, mo tún ewé náà là, ó fẹ́lẹ́ débi pé mo rí ìka mi gba inú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ta padà. Mo fà á lórí táìlì, kò kọ àwọ̀ wúrà kankan. Máíkà lorúkọ rẹ̀. Mo bú sẹ́kún níwájú òyìnbó.

Míṣítà Wẹ́bù fa àga fún mi, wọ́n dúró títí mo fi sinmi ẹkún. Wọ́n ní àwọ̀ dúdú ló ní tẹ́lẹ̀, omi àti ọjọ́ pípẹ́ ló sọ ọ́ di àwọ̀ wúrà, pé ó ti tan àwọn tó kàwé jù mí lọ. Wọ́n ṣí àwòrán ilẹ̀ wa, wọ́n fi ìka tọ odò Ògùn láti òkè wá. Wọ́n ní inú àwọn àpáta ńláńlá tó wà lápá Abẹ́òkúta àti lókè rẹ̀ ló ti wá. Òjò àti oòrùn ló rún àpáta náà wẹ́wẹ́, odò sì ń gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀, fún iye ọdún tí ẹnu ò lè kà, kó tó sùn sábẹ́ ilé wa. Bàbá mi, àpáta ti rìn dé Ìkòsí kí bàbá ńlá wa kankan tó dé ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fojú kàn án.

Wọ́n wá bi mí pé kí ni mo fi ń yáná nílé. Mo sọ fún wọn. Wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n fi ṣe fèrèsé iwájú rẹ̀, mo ní dígí ni. Wọ́n ní kí n lọ wò ó dáadáa, pé dígí lásán lè fọ́ nínú iná bẹ́ẹ̀, ìwé á jó, nǹkan kan wà tí iná ò lè ṣe ní ohunkóhun. Mo sáré lọ sílé. Mi ò bọ́ kóòtù, mo kúnlẹ̀ síwájú sítóòfù náà, mo fi èékánná rọra ṣí etí fèrèsé rẹ̀. Ó là bí ewé ìwé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó nínú òtútù, ohun tó wà nínú kànga wa ló wà láàárín èmi àti iná.

Bàbá mi, kì í ṣe wúrà. Ẹ dárí jì mí. Ìgbéraga mi ló ti kànga yín pa, ẹ̀yin sì ru èébú rẹ̀ láìsọ pé ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìkòsí, bàbá mi kì í ṣe ahun, wọn ò ṣe é rí. Ọmọ wọn ni wọ́n gbà gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bú ẹnì kan, orúkọ mi wà nísàlẹ̀ ìwé yìí.

Ìyá mi, ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀ jù, ẹ̀yin tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ náà ránṣẹ́ nínú àpò ìwé ọ̀tọ̀, orúkọ yín ni mo kọ sí i lára. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣì ń dùn yín, ẹ fi ọwọ́ òsì ṣí i. Mo ti béèrè, wọ́n ní máíkà ò lè ṣe omi ní nǹkan kan, kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ fa omi tó ti pẹ́ níbẹ̀ dànù, kí wọ́n sì jẹ́ kí tuntun tòrò. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo ẹni tó ní garawa máa bọ̀, bí Bàbá ṣe ṣèlérí níjọ́sí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yín jinná. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì pẹ́ fún mi, kí n bá yín láyé, kí n fi ọwọ́ ara mi pọn omi fún yín. Ẹ bá mi kí tilé toko. Ṣìfáwù, o ṣeun tí o kà á tán.

Èmi ni Gàníyù, ọmọ yín tó pe iyanrìn ní wúrà.