Ilẹ̀kùn Yàrá Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò ọlọ́dún mẹ́sàn-án. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Ikọ́ ọkọ mi ti rọlẹ̀. Màmá ń jẹun dáadáa, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Àga onítáyà la fi ń tì wọ́n kiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ ọ́ fún yín. Ó gba etí kan wọlé, ó gba ìkejì jáde.

Èmi àti káfíńtà ti ka ilẹ̀kùn inú àwòrán ilé tuntun tí ẹ ń kọ́, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́, kó lè ṣírò iye tó máa ná yín. Mọ́kànlá ni. Ti yàrá Màmá fẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́rìnlélógún. Mo fi téèpù wọn àga wọn: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Káfíńtà ní, "Ṣé ẹni tó ń kọ́lé yìí ti rí ìyá yín rí?"

Mo ní, "Ọmọ bíbí inú wọn ni."

Ti yàrá jẹnẹrétọ̀ fẹ̀ tó méjìlélógójì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé kí jẹnẹrétọ̀ má baà há.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n tún ilẹ̀kùn yàrá Màmá yà kí káfíńtà tó gé pákó. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé náà tù yín lára. Màmá ní kí n bá àwọn dúpẹ́ yàrá tuntun lọ́wọ́ yín. Mi ò tíì sọ fún wọn pé wọn ò ní lè wọ inú ẹ̀.

Àbúrò yín