Erìgì Tèmi àti ti Hafeezat

Màámi, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ara mi le níbí ní Òrò.

Èmi àti Hafeezat tí a jọ ń gbé yàrá lọ rí dókítà eyín. Erìgì wa ti fà sókè, gbòǹgbò eyín ti yọ síta. Dókítà ní, "Orín lẹ fi ń ha ẹnu bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò." Èmi rò pé bó bá ń ta ni ẹnu fi ń mọ́.

Ó ní èyí tó ti lọ kì í hù mọ́. Wọ́n lè fọ eyín náà kó má baà burú sí i, tàbí kí wọ́n gé ẹran láti àjà ẹnu fi bò ó. Ìyẹn wọ́n gan-an.

Bàbá Hafeezat ti ní kó wá ṣe ti ẹran náà ní Ìlọrin. Mo ní fífọ ti tó èmi. Ẹ má ta ewúrẹ́ kankan o. Inú mi dùn fún un, èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ dé ìdíkọ̀. Ó ní kí n ṣàdúà fún òun, ṣùgbọ́n àdúà náà kọ̀, kò jáde lẹ́nu mi. Ẹ bá mi ṣe é lẹ́yìn ìrun.

Ẹ kí Bàbá àti Aliyyah.

Ràfátù yín