Omi Orí Òkè Aláǹgbá

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta tó di ọdún. Láti Lálúpọn níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, bí ọ̀kan nínú orúnkún mi ò tilẹ̀ fẹ́ dìde mọ́ bó bá ti kanlẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń tọ́jú yín. Mo kí ìyàwó rẹ̀ tó ń rokà fún yín. Mo kí àwọn ọmọ ilé tí ẹ bí lẹ́yìn tí mo lọ, tí wọn ò mọ ojú mi.

Ẹ má rò pé ẹnìkan ló bá mi kọ èyí. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni. Olùkọ́ kan máa ń ti Ìbàdàn wá lọ́jọ́ Ìsinmi láti kọ́ àwa àgbà níwèé lábẹ́ igi odán, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ jókòó. Àwọn ọmọdé ilé ọkọ mi fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí, wọ́n ní ìyá arúgbó fẹ́ fi eyín mẹ́rin tó kù jẹ ìwé. Mo ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí olùkọ́ gbọ́ pé mò ń kọ lẹ́tà sílé, ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun kà á sétí àwọn yòókù kí a tó fi rán oníṣòwò tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Èrúwà. Mo gbà. Nítorí náà, ohun tó bá tì mí lójú nínú rẹ̀, gbogbo Lálúpọn ni yóò gbọ́ ọ.

Ọyẹ́ ti dé. Ètè wa ti là, awọ ẹsẹ̀ wa funfun bí eérú. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ilẹ̀ ibí, ìyá mi. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, oko iṣu ni mò ń rí, kì í ṣe àpáta. Kò sí ẹni tó mọ oríkì mi níbí. Ìyá Òkè ni wọ́n ń pè mí, nítorí wọ́n mọ̀ pé orí òkè ni wọ́n ti bí mi. Orúkọ náà máa ń dùn mọ́ mi. Òun náà ló kó mi sínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n jí obìnrin méjì gbé lójú ọ̀nà Èrúnmu, tàwọn ti ẹrù òwú orí wọn. Ogun ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọkàn balẹ̀ sùn mọ́. Baálẹ̀ abúlé wa wá ní kí á wá ibi tí àwọn obìnrin àti ọmọdé yóò sá sí lọ́jọ́ tí aburú bá dé. Òkè kan wà lẹ́yìn oko wa, Òkè Aláǹgbá ni wọ́n ń pè é. Baálẹ̀ ní kí gbogbo wa lọ sùn síbẹ̀ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, kí á lè mọ ohun tó kù kí ọjọ́ náà tó dé. Ojú gbogbo ènìyàn sì yí sọ́dọ̀ mi. Ta ló tún mọ òkè ju Ìyá Òkè lọ?

Mo bẹ̀rẹ̀ ètò. Kò sí ilé lórí òkè náà, kò sí àtíbàbà, ewúrẹ́ pàápàá ò fẹ́ràn ọ̀nà ibẹ̀. Orí ni gbogbo nǹkan yóò gbà lọ. Mo ní kí wọ́n mú ẹní tóóró, kí wọ́n mú kíjìpá nítorí òtútù. Kí wọ́n gbé àádùn àti róbó dání, nítorí èéfín oúnjẹ yóò júwe wa. Kí ẹnìkan gbé ògúnná sínú ìkòkò, kí ó fi eérú bò ó. Kí wọ́n gbọn abẹ́ òkúta wò nítorí àkeekèé kí wọ́n tó tẹ́ ẹní. Kí àwọn ọmọdé máa lọ yàgbẹ́ nísàlẹ̀ ibi tí a bá sùn, kì í ṣe lókè rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má mú ewúrẹ́ kankan, ẹnu rẹ̀ ò mọ ìgbà ogun. Àbẹ̀ní ọmọ ọmọ mi, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, yóò ṣáájú pẹ̀lú obìnrin méjì, wọn yóò máa sinmi lọ́nà.

Baálẹ̀ bi mí pé omi ńkọ́. Mo ní akèrègbè kọ̀ọ̀kan tó fún ojú ọ̀nà, pé omi wà nínú ihò àpáta lókè. Mo ti fi omi náà fọ ẹsẹ̀ mi rí. Àkànbí ọdẹ rọra ní òun kọjá níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, òun ò sì rí omi. Mo wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹni tí wọ́n bí sórí òkè lo fẹ́ fi òkè hàn?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àkànbí bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo dọ́gbọ́n bí ẹni tó ń lọ ṣẹ́gi, mo gun òkè náà ní èmi nìkan. Mo ki apá bọ ihò àpáta títí dé ìgúnpá. Ewé gbígbẹ ni mo bá níbẹ̀, àti òkú ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ti gbẹ bí awọ bàtà. Ìgbà òjò ni mo fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀, n kò rántí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé igi dé ilé, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó di ọjọ́ mẹ́ta òní. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a gòkè. Àwa bí ọgbọ̀n ni, Àbẹ̀ní wà níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ sì wà níbẹ̀. Oúnjẹ ò wọlé fún mi mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n mú kálámù nìyí. Ìyá mi, níbo ni ẹ ti ń rí omi lórí òkè wa nígbà ọyẹ́? Mo rántí ìgbà tí a sá gun òkè nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọjọ́ méje la lò, òùngbẹ ò gbẹ ẹnì kankan. Omi tútù nínú igbá ni ẹ ń gbé fún wa.

Mo kọ ìbéèrè yìí tán, mo gbé kálámù sílẹ̀, mo ń wo tàdáwà bó ṣe ń gbẹ. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí ò lè dé ọ̀dọ̀ yín láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ibẹ̀ ni mo wà tí àárín orí yín fi sọ sí mi lọ́kàn.

Irun kì í hù níbẹ̀. Ẹ máa ń di irun ẹ̀gbẹ́ bò ó. Bí mo bá fi ọwọ́ kàn án, ẹ ó gbá ọwọ́ mi kúrò, ẹ ó ní òkè ló jẹ ẹ́. Mo sì rántí iyanrìn tó wà lẹ́yìn àpáta ńlá, níbi tí ẹnu ìkòkò ti yọ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, tí wọ́n gbé òkúta lé. Ẹ ní kí àwa ọmọdé má dé ibẹ̀, ẹ ní ejò wà níbẹ̀. Kò sí ejò. Omi ló wà níbẹ̀. Òkè wa ò fún wa ní omi rí. Ẹ̀yin àti àwọn ìyá yòókù lẹ ń rù ú gun òkè, láti ìgbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ẹ ò jẹ́ ká mọ̀.

Mo kọ apá tó kù yìí lẹ́yìn tí mo ti ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìyá Láṣún, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Ìyá Òkè, òkè wo gan-an ni wọ́n ti bí yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì gbà á. Mo yíjú sí Àkànbí, mo ní kó má bínú, pé ojú tó ti rí i ló yẹ kí n gbọ́ tirẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ìkòkò mélòó la ní?"

A ka obìnrin tó lè ru omi, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́rin, Àkànbí yóò máa ṣáájú wa. Àbẹ̀ní ní òun náà yóò ru kékeré kan. Mo kígbe mọ́ ọn títí ó fi sunkún, mo tún lọ bẹ̀ ẹ́.

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ló sọ pé àwọn ajínigbé yóò fún wa ní ọjọ́ mẹ́rin? Bí wọ́n bá dé lọ́la, ẹnu mi ló ti jẹ ọjọ́ mẹ́ta tí a ò bá fi ru omi. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run.

Bí ẹ bá rí ẹni tó lè kọ èsì, ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ fi ń dí ẹnu ìkòkò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí kòkòrò ò fi lè wọ̀ ọ́, nítorí ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀. Kí ẹ̀mí yín gùn, kí ojú yín má ṣe rí ibi lára wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà nínú agbo ilé, ẹ bá mi kí àwọn ìyá tó kù nínú àwọn tí ẹ jọ rù ú. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti mọ̀.

Mo ti fi àkísà aṣọ tí ẹ fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó ká òṣùká. Ìdájí ọ̀la ni màá gbé ìkòkò àkọ́kọ́. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ ká tún fojú kan ara wa, ẹ na ọwọ́ yín, kí ẹ fi kan àárín orí mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́