Ọ̀dà Gbígbóná àti Òfì Tó Ń Dúró Dè Mí ní Ìníṣà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Kùmásí níbí. Mo kí ìyá mi, mo kí Àdìó àbúrò mi, mo sì kí gbogbo agbo ilé wa ní Ìníṣà. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ìkọ̀wé yìí kì í ṣe tèmi. Làmídì ọmọ Ìkìrun, tí a jọ ń gbé yàrá, ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Nínú lẹ́tà yín, ẹ béèrè irú ọ̀dà tí wọ́n dà sí títì tó ti Ìníṣà lọ sí Òkukù, tó fi já bàtà gbà lẹ́sẹ̀ yín lọ́sàn-án gangan. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Èyí tí wọ́n ń dà sílẹ̀ ni, tí wọ́n á wá fọ́n òkúta wẹ́wẹ́ lé lórí. Bí òkúta rẹ̀ kò bá tó, oòrùn á yọ́ ọ. Òmíràn wà tí wọ́n ń fi kẹrosíìnì sí kí ó má baà tètè le, kí wọ́n tó pò ó mọ́ òkúta. Tútù ni wọ́n fi ń dí kòtò. Ìdí èyí ni mo wà láti ìgbà tí mo ti dé ẹnu iṣẹ́ títì níbí, ọwọ́ lásán la sì fi ń kó èyí tó bá dà sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ òkúta nínú ẹ̀rọ ńlá, tí ọkọ̀ á gbé wá ní gbígbóná. Ó lágbára ju àwọn yòókù lọ. Òun ló ba ayé mi jẹ́.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá kó wa lọ sí ìdí èyí tó gbóná. Inú mi tilẹ̀ dùn pé n ó rí ooru yá. Ọkọ̀ dé, díẹ̀ dà sí ẹ̀bá títì. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ ti le, kò rú èéfín mọ́, ó sì jọ èyí tí mo mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì kó o. Inú rẹ̀ ṣì gbóná bí iná. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, n kò rí i gbọ̀n dànù.

Wọ́n ti tú aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ mi. Àwọn ìka ọ̀tún ti lẹ̀ pọ̀, ti òsì kò ṣe é ká. Dọ́kítà ní kí n máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí mi kò bá a lọ. Mo gbìyànjú, ọpẹ́ náà kò jáde. Ọ̀gá ti fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo ilé á gba ibi iṣẹ́ lọ, á wá ku èmi nìkan nínú yàrá. Làmídì ló ń fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. N kò ní ohun tí n ó fi ránṣẹ́ mọ́, ojú ń tì mí.

Bàbá, ẹ ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí ìdí òfì mi títí n ó fi dé. Ìyá mi ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń gbọn eruku kúrò lára òwú tí mo ta sí i. Lánàá, Làmídì fa òwú kan yọ lára aṣọ rẹ̀, ó já a sí méjì, ó ní kí n so ó. Mo gbìyànjú títí, n kò rí i so, mo sì bú sẹ́kún. Ẹ fún Àdìó ní òfì náà. Kí ó gé òwú mi kúrò, kí ó ta tirẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kí àjò má pa Àdìó lára bó ṣe pa mí. Ẹ kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn tí a jọ ń hunṣọ. Ẹ rọra sọ ti ọwọ́ yìí fún ìyá mi.

Èmi ọmọ yín, tí kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́,
Àyìnlá